Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà, àti Orin Tó Mọ Iye Tí Wọ́n Béèrè

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe lébìrà nínú oko kòkó ní apá Ìbàdàn, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìgbómìnà ti ṣe láyé ìjọ́un. Nígbà tó padà sí Òmù-Àrán, ó mú orin kan bọ̀. Bó bá ń kọ ebè, òun ni yóò máa lé e, àwa ọmọ tí à ń ṣa èpò lẹ́yìn rẹ̀ la ó sì máa gbè é: "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà là ó san." Orin náà bá ọkọ́ mu. Bí ọkọ́ bá ṣe ń wọlẹ̀ ni ègbè ń bọ́ lẹ́nu wa. Bàbá kò jókòó sọ ìtàn rẹ̀ fún wa rí, a kò sì bi í. Ó ti kú kí n tó mọ ohun tó yẹ kí n bi í.

Owó orí ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà yẹn. Láyé owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Nígbà tí owó òyìnbó dé, àwọn bàbá wa ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sì di pọ́n-ùn kan. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà wá jẹ́ 30 ṣílè. Iye tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní agbára àwọn ká nìyẹn ní 1968, nígbà tí ìjọba Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ wọn. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó tí wọ́n ń rà kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn agbowó-orí sì ń wọ abúlé tọ̀ wọ́n lọ. Báyìí ni Agbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀ yẹn, ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà yóò rí ìwọ́de ní Mápó n'Ìbàdàn lópin 1968. Yóò rí i pé ní oṣù Keje 1969 ìjà náà dé Ogbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí Ìlọrin níhìn-ín, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Yóò rí i pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn jáde. Yóò rí orúkọ Táfà Adéoyè, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ náà, yóò sì rí bí Awólọ́wọ̀ ṣe lọ bá a nínú igbó láti bá a sọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìwé fi síwájú: ikú ọba, ẹ̀wọ̀n tó já, ọlọ́pàá, ìbọn. Orin tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú wálé kò sọ ọ̀kankan nínú wọn. Iye owó ló sọ. Ẹni tó kọ ebè ní Òmù-Àrán, tí kò sí ní Mápó, tí kò sí ní Agodi, mọ iye náà ní àmọ̀dájú, ó sì fi kọ́ ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn.

Láti ìgbà tí mo ti wá ohun tó wà nídìí orin yìí ni mo ti ń fi ìbéèrè kan wo gbogbo orin ìjà tí mo bá gbọ́: ṣé mo lè gbọ́ ọ kí n sì mọ ohun tí wọ́n béèrè? Ìwé ìjọba yóò rántí rògbòdìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó ń ka òkú àti ilé tó jóná. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ gan-an, kí wọ́n tó di oníjàgídíjàgan lẹ́nu àwọn tó ń kọ ìwé, bí orin kò bá gbé e, kò sẹ́ni tó ní ìdí láti gbé e.

Owó ẹyọ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́ kí Agbẹ́kọ̀yà tó bẹ̀rẹ̀. Ní January 1973, pọ́n-ùn àti ṣílè náà lọ, náírà dé. Iye yẹn kò lè ra nǹkan kan mọ́ lọ́jà èyíkéyìí, síbẹ̀ orin kò yí i padà. Kò tilẹ̀ lè yí i padà. Nígbà tí ìjà parí, ìjọba gbà láti gba pọ́n-ùn méjì, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi mẹ́jọ sípò mẹ́fà nínú ègbè yẹn, ẹ óò rí i pé kò jókòó: ohùn mẹ́fà wálẹ̀ lópin, ohùn mẹ́jọ kò wálẹ̀. Orin Yorùbá ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá yí, orin yóò wọ́. Ìdí nìyí tí iye tí wọ́n béèrè fi wà lẹ́nu wa, tí iye tí wọ́n fún wọn sì wà nínú ìwé. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ó dùn mọ́ mi pé ibì kan wà tí àwọn àgbẹ̀ náà kò ti gba àdínkù.

Ohun kejì ni pé ègbè ni iye náà wà. Gbogbo wa la mọ bí orin wa ṣe ń rí: ẹnìkan á lé, ọ̀pọ̀ á gbè. Ẹni tó ń lé ló ní ọgbọ́n, òun ló lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí sínú orin kí oòrùn tó wọ̀, òun ló mọ orúkọ ẹni tó yẹ kí á bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni yẹn bá kú, tàbí tó bá kó lọ sí ìlú mìíràn, lílé rẹ̀ bá a lọ. Ègbè ni gbogbo ènìyàn mọ̀, òun ló sì ń kù. Ohun tí wọn kò bá fi sínú ègbè, kí wọ́n má retí pé ọmọ ọmọ wọn yóò gbọ́ ọ.

Ìlọrin níbí ni mo ti rí èyí kedere jù.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn mẹ̀kúnnù ìlú yìí gbéra sọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ìlọrin Tálákà Párapọ̀. Ìṣàkóso Native Authority ni wọ́n bá wọ̀jà, níbi tí àwọn olóyè tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ti ń pàṣẹ owó orí àti ẹjọ́. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ Action Group, ẹgbẹ́ tí J. S. Ọláwóyìn ará Ọ̀fà jẹ́ aṣáájú rẹ̀ lágbègbè wa, wọ́n sì fẹ́ kí Ìlọrin kúrò lábẹ́ Àríwá kó lọ bá Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1956 wọ́n borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ẹ rò ó wò: tálákà jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ Ìlọrin, ní ilẹ̀ Àríwá, ìjọba òyìnbó ṣì wà nílẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀. Ní 1958 ìjọba Àríwá tó wà ní Kàdúná tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Mo ti kọ́ ọmọ ní ìlú yìí tipẹ́, n kò tíì pàdé akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà nílé kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń tọ àwọn àgbà lọ. Bàbá kan ń hun aṣọ òfì nítòsí Ọjà Ọba, ọmọdé ni nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbóná. Mo kí i, mo jókòó, mo dúró kó parí ìlà tó ń hun lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orin wo ni àwọn Tálákà Párapọ̀ ń kọ?"

Ó kùn ún. Orin tó lẹ́sẹ̀ ni, tó ṣeé jó. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ lu igi òfì pẹ̀lú rẹ̀.

"Tíṣà, ohùn rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi yìí. Àwọn obìnrin ló ń lé e. Ohun tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń lé e. Àwa ọmọdé, orúkọ ẹgbẹ́ là ń gbè."

Orúkọ ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin yẹn mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nínú lílé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun tí ọmọdé gbé délé ni orúkọ ẹgbẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ sì tú, orúkọ kò rí ibi dúró sí. Bàbá náà kò lè sọ fún mi pé owó orí mélòó ni wọ́n kọ̀ láti san. Ó rántí pé inú ìyá òun dùn.

Kì í ṣe pé Ìlọrin kò ní olórin. Ìlú dadakúàdá ni. Orin tó ti inú iwì eégún jáde, tó wá di orin òde àríyá láàárín àwọn Mùsùlùmí, tó fún wa ní Odòlayé Àrẹ̀mú, Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékèé Àmàó. Mo lè jókòó gbọ́ Odòlayé láti àárọ̀ di alẹ́, kò sẹ́ni tó mọ èdè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n olórin tó ń jẹun lọ́wọ́ orin ní láti mọ ẹni tó ní owó. Nígbà tí wọ́n pa Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní January 15, 1966, lẹ́yìn oṣù tí wọ́n ti fi ń dáná sunlé ní Ìwọ̀-Oòrùn tí a pè ní Wẹ́tìẹ̀, Odòlayé ṣèdárò rẹ̀, ìdárò náà sì wọni lára títí dòní. Olóògbé ní ẹni tó sunkún fún un nínú àwo orin. Àwọn tí inú ń bí nítorí ìbò 1965, tí wọ́n jáde sójú títì, wọn kò ní Odòlayé. Mo sọ èyí láìbínú sí olórin kankan. Tálákà kì í ná olórin, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́.

Àwọn ìyá Ẹ̀gbá mọ èyí. Ní 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn lọ sí ààfin Aké, ọ̀kẹ́ àìmọye orin ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi bú Aláké Adémọ́lá bó ti yẹ kí wọ́n bú u àti bí kò ti yẹ. Èébú yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń kọ́kọ́ fà yọ, torí ó ta létí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀ kò farasin: kí obìnrin má san owó orí mọ́. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, ní January 1949 Aláké sì fi oyè sílẹ̀, kó tó padà wá lẹ́yìn náà.

Ó wá kan tiwa tí ojú wa ṣe.

Gúúsù Kwara ni "Ó tó gẹ́" ti kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ hàn. Ní oṣù Kọkànlá 2018, wọ́n ṣe ìdìbò láti rọ́pò aṣòfin ẹkùn Ìrẹ́pọ̀dùn, Èkìtì, Ìsin àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ tó di olóògbé. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àga ìjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà fìdí rẹmi, ariwo "Ó tó gẹ́" sì bọ́ láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, ó dé Bàrùtẹ́ẹ̀n. Nígbà tó di oṣù Kejì 2019, Bùkọ́lá Sàràkí tó jẹ́ Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pàdánù ìjókòó rẹ̀ nílé ara rẹ̀, ìdílé tó ti ń darí ìṣèlú Kwara láti ayé bàbá rẹ̀ kò rí ohun kan mú. Ní alẹ́ tí èsì jáde, mo gbọ́ orin yẹn lẹ́nu ọlọ́kadà, lẹ́nu alágbàfọ̀, lẹ́nu ọmọ kéékèèké tó yẹ kó ti sùn. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú wọn, ohùn mi há. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, inú mi ṣì ń dùn bí mo bá rántí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè yẹn wò ó. Kí ló tó? Kí la fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà bíi tèmi, wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù. Ohun tí òun ń pè ní "ó tó gẹ́" ni owó yẹn. Alájà tó ń ta gaàrí ní Ìpàta, ohun mìíràn ni tirẹ̀. Ọmọ yunifásítì tí kò rí iṣẹ́, tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ègbè kan ṣoṣo gba gbogbo wa, agbára rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìbò tí à bá fi borí bí kò bá gbà wá bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú un fẹ̀ yẹn náà ló mú kó ṣòro láti fi béèrè gbèsè. Nígbà tí ìjọba tuntun jókòó tán, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ìlà kan nínú orin náà kó ní, ẹ wò ó, èyí la jọ kọ, èyí lẹ jẹ wá. Mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ ọ̀rọ̀ 2019 báyìí, àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Wọ́n mọ orin. Wọ́n mọ orúkọ ẹni tó wólẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé owó oṣù tíṣà wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti "Ali Must Go". Ní 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jáde káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oúnjẹ àti ibùgbé tí ìjọba fi kún. Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, Ṣẹ́gun Òkèowò ni aṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn agbófinró sì yìnbọn pa ọmọ yunifásítì. Orúkọ Ali wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní. Oúnjẹ ti bọ́ nínú rẹ̀.

Orin tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọ nígbà ìyanṣẹ́lódì, "Solidarity Forever", ti rìn jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Ralph Chaplin ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1915, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀: ohùn orin John Brown ni, ọkùnrin tó gbé ìbọn ní 1859 láti dá àwọn ẹrú sílẹ̀, tí wọ́n sì so kọ́ lọ́dún náà. Yunifásítì Ìlọrin yìí kan náà, wọ́n lé olùkọ́ 49 níbẹ̀ ní 2001 nítorí ìyanṣẹ́lódì, ó sì di 2009 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń gbá mi láyà ni pé ohùn ọkùnrin tí wọ́n so kọ́ ní Virginia ni òṣìṣẹ́ Kwara ń kọ nígbà tó bá ń jà fún owó oṣù rẹ̀. Ohùn lè pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orin náà kò béèrè ohun kan pàtó. Ó ní kí á wà ní ìṣọ̀kan, ó parí síbẹ̀.

Oṣù Kẹwàá 2020, ìwọ́de EndSARS, ló dùn mí jù. Àwọn ọmọ wa kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà márùn-ún, láìfi ẹyọ kan pamọ́: kí wọ́n tú àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀, kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn tí ọlọ́pàá pa, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún ẹbí wọn, kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tó dá dúró kalẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn ọlọ́pàá SARS wò kí wọ́n sì tún wọn kọ́ kí wọ́n tó gbé wọn síbòmíràn. Ẹ̀karùn-ún ni kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Ẹ tún un kà. Àwọn ọmọ tí ọlọ́pàá ń lù ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n sanwó tó dára fún ọlọ́pàá. Àwo orin tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kọ ní ìwọ́de, orin tó dára, orin tó gbóná, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló kọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. "Sọ̀rọ̀ sókè" ló kù. Ní Ìlọrin, ohun tí púpọ̀ ń rántí ni ilé ìkẹ́rùsí tó wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n já wọ̀ tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀, àti kónílé-ó-gbélé tó tẹ̀lé e. N kò tíì gbọ́ orin kan tí ọ̀nà márùn-ún yẹn jẹ́ ègbè rẹ̀. Ó yẹ kí a kọ ọ́. Àwa Yorùbá tí a mọ bí a ṣe ń fi ohùn gbé iye, ó yẹ kí ó ti ọ̀dọ̀ wa jáde.

Ìgbà tí wọ́n tún jáde ní oṣù Kẹjọ 2024, "Ebi ń pa wá" ni wọ́n ń ké. Ọ̀rọ̀ yẹn dára ju "Ó tó gẹ́" lọ ní ojú mi, torí ó sọ ohun tó ń ṣe ènìyàn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò yé òun. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè 615,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 494,000, wọ́n tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 250,000. Ní oṣù Keje, 70,000 ni ó di òfin. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni yóò wà nínú ìwé. Ní ọdún díẹ̀ sí i, ọmọ kan yóò kà á, yóò sì gbà pé 70,000 ni òṣìṣẹ́ Nàìjíríà lọ béèrè ní 2024, ó sì rí i gbà.

Mo ti ń gbìyànjú 615 lẹ́nu pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó gùn lédè wa, kò tètè jókòó sínú ègbè, ọmọbìnrin kan nínú wọn ló ní kí á gé e sí "ẹgbẹ̀ta ó lé", kí a fi èyí tó kù sínú lílé. A ṣì wà lórí rẹ̀.

Bí ìyá tàbí bàbá yín bá sì wà ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, tàbí ní àwọn ìlú Ìgbómìnà láàárín 1954 sí 1958, tí orin Tálákà Párapọ̀ kan bá ṣì wà lẹ́nu wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù sí wọn lẹ́nu kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe dúró sórí ègbè. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lé e, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ní àwọn yóò san.